Ẹni Tó Di Igi Ààlè Mú

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú àṣírí ara mi, kí ẹlòmíràn má baà bá mi tú u: èmi ni mo di igi mú, ọ̀rẹ́ mi ló so ààlè. Bí ẹ bá ti gbọ́ gbólóhùn yẹn, ẹ ti rí òkèlè. Ọbẹ̀ ni gbogbo ìyókù. Ẹ wo èmi Àwẹ̀ró, ọmọ ọdẹ tó pa ẹfọ̀n mẹ́ta lọ́jọ́ kan, obìnrin tí àwọn ọkùnrin ebúté máa ń yà fún lójú omi, tí mo ń pariwo kiri pé a kò tíì bí ẹni tí yóò gba ẹja lọ́wọ́ mi. Ìdí ńlá tí Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ yìí, tó máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ fì bí mo bá ti jókòó, òun ni kò jẹ́ kí n lè bẹ̀rẹ̀ so okùn lọ́jọ́ náà. Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi bá mi so ó. Ẹ rẹ́rìn-ín o. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín rẹ̀ títí, ẹ̀rín náà ló wá di omi lójú mi.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọdẹ kì í ti ẹnu ìbọn bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ẹ fún mi láyè kí n ti ìdí rẹ̀ wá. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọdún kejì nìyẹn tí òjò ti ń fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Dáàmù wa, omi ńlá tí ìjọba fi ògiri dí nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge, bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn bí irun iwájú orí baálé ilé. Nígbà tí yóò fi di àárín ọyẹ́, ibi tí a ti ń fi ọkọ̀ sáré tẹ́lẹ̀ ti di ẹrẹ̀ tó là bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀. Abúlé wa àtijọ́, Ìdí-Oṣè, tí omi gbé mì nígbà tí wọ́n kó wa kúrò níbẹ̀, wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Orí igi oṣè tí wọ́n fi ń pe abúlé náà ló kọ́kọ́ jáde, ó gbẹ, ó dúdú. Ògiri tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni mo rí àárò tí ìyá mi fi ń dáná, òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ìdúró. Mo sunkún nígbà tí mo rí i. Nígbà tí mo sunkún tán, mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ bóyá ẹja wà níbẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ebi ń pa mí.

Ẹja ti tán lójú omi. Ẹ óò ju àwọ̀n, ẹ óò fa sálúbàtà ẹsẹ̀ kan jáde. Ẹ óò tún un jù, ẹ óò fa ẹrẹ̀. Àwọn ọkọ̀ wa sùn gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀ bí ọ̀mùtí. Àwọn géńdé ti lọ ń gun ọ̀kadà nílùú. Àwa àgbààgbà tó kù mọ ohun tó ń bọ̀: bí omi kékeré tó ṣẹ́ kù bá gbẹ, tí ẹja inú rẹ̀ sì kú tán, òjò ìbáà padà wá kún Dáàmù dé ẹnu, kò ní sí irúgbìn ẹja kankan tí yóò bí òmíràn. Ebúté kú nìyẹn. Kí sì ni Àwẹ̀ró láìsí ebúté? Arúgbó alásọjù kan tó ń rùn bí ẹja lásán.

Ràlíátù ni ọ̀rẹ́ mi láti ọjọ́ tí a jọ ru ẹrù kúrò ní Ìdí-Oṣè. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dákẹ́, koko tó bá ta kì í tú. Òun ló ń hun àwọ̀n, èmi ni mò ń jù ú. Òun ló ń di ọkọ̀ mú kó má fì, èmi ni mò ń dìde dúró nínú rẹ̀ bí ọba. Bí a bá gúnlẹ̀, òun a máa ṣa ìdọ̀tí inú àwọ̀n, èmi a máa ròyìn fún gbogbo ebúté bí mo ṣe mú ẹja. Ogójì ọdún la fi ṣe é. Wọ́n wá ń pè é ní Ràlíátù Àwẹ̀ró, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ pé àga Àwẹ̀ró, ìkòkò Àwẹ̀ró. Mo rò pé oríkì ni. Ta ni kò ní fẹ́ jẹ́ ti Àwẹ̀ró?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan, mo pinnu pé n óò wá ibú odò àtijọ́ rí, odò tó wà níbẹ̀ kí Dáàmù tó dé. Bàbá mi máa ń sọ pé bí igbó bá jó, ẹran á sá lọ síbi tí iná kò dé. Mo ní ẹja náà á ti ṣe bẹ́ẹ̀. Mo so pákó pẹlẹbẹ méjì mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ kí ẹrẹ̀ má baà gbé mi mì, mo gbé agbọ̀n kọ́ èjìká, mo mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́, ó di inú ẹrẹ̀. Bí mo ṣe ń rìn ni ẹrẹ̀ ń fọhùn lábẹ́ mi, pọ̀ọ̀, pọ̀ọ̀, bí ẹni jẹ ẹ̀wà sùn. Àwọn lékeléke fò, wọ́n ń yọ̀ mí. Mo rìn títí ebúté fi di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn mi, mo sì dé ibi tí ìloro abúlé wa wà nígbà àtijọ́.

Ẹnì kan dúró níbẹ̀. Ó ga bí ọ̀pá ìtukọ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀, imú rẹ̀ gùn bí àgógó ẹyẹ, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló sì fi dúró. Kò sí ẹsẹ̀ kejì rárá. Irun ara mi dìde, ṣùgbọ́n ọmọ ọdẹ kì í jẹ́ kí ẹran mọ̀ pé òun ń gbọ̀n.

“Ta nìyí,” ló wí, “tó ń ru ilé kiri lẹ́yìn ara rẹ̀?”

“Èmi Àwẹ̀ró ni. Ìwọ ńkọ́, tí o gbàgbé ẹsẹ̀ kejì sílé?”

“Ẹsẹ̀-Kan-Ó-Tó ni orúkọ mi. Èmi ni mò ń ṣọ́ ìloro yìí láti ìgbà tí omi ti bò ó. Ẹja ló ń gba ọ̀dọ̀ mi kọjá, wọn kì í sì í kí èèyàn. Dá mi lóhùn kí n tó jẹ́ kí o wọlé: kí ló tú aṣọ lára arúgbó ní ọ̀sán gangan, tí kò fi ọwọ́ kàn án?”

Mo wo ẹ̀yìn mi, mo wo ìhòòhò ilẹ̀ tó tẹ́ lọ súà. “Ẹ̀ẹ̀rùn ni,” mo ní. “Arúgbó náà ni Dáàmù wa.”

Ó mi orí rẹ̀. “O gbọ́n díẹ̀. Ó ku owó ibodè. Ìtìjú kan ni mò ń gbà, ìtìjú tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́.”

“Ìyẹn nìkan?” Mo fi àyà lélẹ̀. “Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo kúnlẹ̀ láti kí àwọn àna wa, mo sì sọ afẹ́fẹ́ tó…”

“Ìyẹn kẹ̀? Àwọn ẹja gan-an gbọ́ ọ lábẹ́ omi. Mú òmíràn wá.”

Mo ronú. Mo rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ ti ẹja àrọ̀ ńlá fún un, èyí tó gùn tó ilẹ̀kùn, tí gbogbo ebúté fi gbé mi sórí èjìká lọ́dún náà lọ́hùn-ún. Mo ní, “Kì í ṣe èmi ni mo mú un. Oorun ló gbé mi lọ nínú ọkọ̀. Ràlíátù ló bá a jà títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Nígbà tí a gúnlẹ̀, èmi ni mo gbé ẹja náà jáde, wọ́n bi mí pé ta ló mú un, ẹnu mi sì dá wọn lóhùn kí n tó jí tán. Wọ́n gbé mi, wọ́n ń kọrin. Ràlíátù ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú àjẹ̀ ìtukọ̀ lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.” Mo pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀. “Àbí kò pa ọ́ lẹ́rìn-ín?”

Kò rẹ́rìn-ín. “Ìyẹn tó,” ló wí, ó sì yà kúrò lọ́nà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó ń gba ìtìjú lówó mọ iye tí nǹkan tó. Èmi ni kò mọ iye ohun tí mo san.

Mo wọ inú abúlé. Mo ń gbọ́ ìró ọlọ, gèrè, gèrè, gèrè, mo sì tẹ̀ lé e dé ilé ìdáná kan tí kò ní òrùlé mọ́. Ìyá arúgbó kan tẹ̀ sórí ọlọ níbẹ̀, awọ ara rẹ̀ ń dán bí awọ àrọ̀. Kò sí ata, kò sí ẹ̀gúsí. Ó ń bu omi sórí ọlọ, ó ń lọ̀ ọ́, omi náà sì ń ṣàn kúrò lórí ọlọ ní kíki bí ẹ̀kọ, ó ń wọ inú kòtò kan lẹ́yìn ilé lọ.

Mo kúnlẹ̀ tààrà sínú ẹrẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá.”

“Oò. Ìwọ ta ni?”

“Ọmọ ibí yìí ni mí, ìyá. Àárò ìyá mi wà lọ́hùn-ún yẹn.”

“Mo mọ ìyá rẹ. Ó máa ń dáhùn kí wọ́n tó bi í.”

“Òun ló bí mi, mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń lọ̀?”

“Omi tó kù ni. Bí n kò bá lọ̀ ọ́ kúnná, kò ní kárí wọn.”

Mo yọjú wo ẹ̀yìn ilé. Yéè! Ibú náà kò fẹ̀ ju àgbàlá mọ́sálásí lọ, ṣùgbọ́n ẹja fún ara wọn mọ́ inú rẹ̀ bí ọjọ́ Jímọ̀: àrọ̀ onírùngbọ̀n, epìyà, obòkún, àwọn aboyún tí ikùn wọn ń wọ́lẹ̀, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ bí abẹ́rẹ́. Gbogbo ẹja Dáàmù ló wà níbẹ̀. Itọ́ yọ lẹ́nu mi, ó kán sórí àyà mi.

Ìyá Alọmi, bí mo ṣe sọ ọ́ lórúkọ nínú ara mi nìyẹn, kò gbé ojú sókè. Ó ní, “Ó rẹ̀ mí. Mo nílò ẹni tí yóò bá mi ṣọ́ wọn títí òjò yóò fi dé. Bí o bá gbà, máa mú èyí tí ẹnu rẹ lè jẹ. Má fọwọ́ kan aboyún, má fọwọ́ kan ọmọ. Gé igi, so ààlè mọ́ ọn létí ibú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá so ó, òun ni ibú yóò máa gbọ́ràn sí lẹ́nu, kò sí ẹni tí yóò lè mú ẹja kan níbẹ̀ bí kò ṣe ẹni tí òun bá pè. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ èèyàn bá gbọ́n ibú yìí gbẹ kí òjò tó rọ̀, ọwọ́ tó so ààlè, ẹja kò ní sún mọ́ ọn mọ́ títí ayé. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, mà.”

“Kí lo gbọ́?”

“Pé kí n máa jẹ ẹja, mà.”

Ó mí kanlẹ̀. “Ìyá rẹ ló bí ọ lóòótọ́.”

Báyìí ni mo ṣe gba iṣẹ́ tó ju orí mi lọ. Ẹni tó bá ní ọgbọ́n ì bá gé igi níbẹ̀, ì bá so ààlè níbẹ̀. Èmi mú epìyà mẹ́rin, mo sáré lọ sílé lọ sọ fún Ràlíátù. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Èmi àti obìnrin yìí ni a jọ bímọ lóṣù kan náà, òun ló fún ọmọ mi lọ́mú nígbà tí ibà dá mi dúbúlẹ̀. Adùn tí n kò bá lè sọ fún Ràlíátù, kò tíì dùn tán.

Lọ́jọ́ kejì a jọ lọ. Ní ìloro, Ẹsẹ̀-Kan-Ó-Tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, Ràlíátù sì sọ ìtìjú tirẹ̀ sí i létí wúyẹ́wúyẹ́. Mo fẹ́ kú fún ẹ̀rín. “Ràlíátù tí kì í ṣe nǹkan kan! Ṣé o jẹ ẹran nínú ìkòkò ọkọ ni?” Ẹlẹ́sẹ̀ kan náà wò mí fún ìgbà pípẹ́, ó sì jẹ́ kí a kọjá.

A dé etí ibú. Mo ti gbé gbogbo ohun èlò ààlè dání: ẹ̀là màrìwò, ìkarawun ìgbín, àfọ́kù òòyà, àlòkù bàtà kan. Mo ri igi mọ́lẹ̀, ó ń mì nínú ẹrẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dì í mú, kí ẹnì kejì bẹ̀rẹ̀ so koko nísàlẹ̀. Mo gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀. Ìdí mi fà mí sẹ́yìn, mo jókòó pọ̀ọ̀ sínú ẹrẹ̀, Ràlíátù fà mí dìde bí ẹni fa ọkọ̀ gòkè. Ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín tán ni mo di igi mú, mo wá ń sín ìyá arúgbó náà jẹ: “Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá so ó, òun ni ibú yóò máa gbọ́ràn sí lẹ́nu!”

Ọwọ́ Ràlíátù dúró lórí màrìwò. Ó gbé ojú sókè wò mí. “Àwẹ̀ró, ṣé kí n so ó?”

“So ó jàre! Ta ló lè máa bẹ̀rẹ̀ nígbà ogbó?”

“Mo ní, ṣé kí n so ó?”

“Ràlíátù, òòrùn ń mú o!”

Ó so ó. Koko náà dára, bí gbogbo koko rẹ̀. Apá kejì ọ̀rọ̀ ìyá náà, ti ọwọ́ tí ẹja kò ní sún mọ́ mọ́, n kò sọ ọ́ fún un. Mo lè búra pé n kò fi í pamọ́. Ẹnu mi kàn ti bọ́ sórí bí a óò ṣe yan àrọ̀ ni. Ẹ rántí ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé yìí, nítorí a óò padà síbẹ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta a jẹun. A ń mú ẹja mélòó kan, a ń fún àwọn arúgbó ebúté nínú rẹ̀, n kò sọ ibi tó ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ń yún mi bí ẹni jẹ wèrèpè. Nígbà tó yá, eékún dá mi dúró sílé fún ọjọ́ mẹ́ta. Ràlíátù ń wá kí mi ní àràárọ̀, ó ń fi òrí pa mí lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ kejì mo bi í pé ibú ńkọ́. “Ibú wà níbẹ̀,” ló wí, ó ń ra eékún mi. Ọwọ́ tó fi ń ra á, ẹ̀yin èèyàn mi, rọ̀ bí òwú.

Ọjọ́ kẹrin, Láṣùpọ̀ tó ń kan ọkọ̀ ní ebúté wa yọrí lójú fèrèsé mi. “Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ ò lọ síbi ẹja ni?”

“Ẹja wo?”

“Háà! Ọkọ̀ akẹ́rù méjì ló wà ní òdìkejì láti àná. Àwọn obìnrin ebúté kejì, Ebúté Òkè, ń ru ẹja bí ẹni ń ru yanrìn. Ọ̀rẹ́ yín ló ń darí wọn. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ rán an.”

N kò rántí bí mo ṣe so pákó mọ́ ẹsẹ̀, tí mo gbé agbọ̀n kọ́ èjìká, tí mo mú ọ̀kọ̀. Eékún mi gbàgbé pé ó ń dùn. Nígbà tí mo dé ìloro, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo ní, “Ẹsẹ̀-Kan-Ó-Tó, kí nìdí tí o fi jẹ́ kí gbogbo èèyàn yẹn wọlé?”

“Ẹni tó so ààlè ló pè wọ́n. Kí ni kí n ṣe?”

“Èmi ni mo ni ibú! Kí ni Ràlíátù sọ fún ọ lọ́jọ́ kìíní? Kí ni ìtìjú rẹ̀?”

Ó fi imú gígùn rẹ̀ họ ẹ̀yìn. “Ẹja kan náà ni. Àrọ̀ tó gùn tó ilẹ̀kùn. Ìtìjú tìrẹ ni pé o gbé e. Ìtìjú tirẹ̀ ni pé òun dákẹ́.”

Mo kọjá. Mo ti ń gbọ́ orin níwájú.

Wọ́n tó ogún obìnrin. Wọ́n tò láti inú ibú dé orí ilẹ̀, wọ́n ń fi igbá àti garawa gbọ́n omi dànù, wọ́n ń kọrin sí i. Omi tó kù kò bo kókósẹ̀ mọ́. Àrọ̀ ń yí nínú ẹrẹ̀, ẹnu wọn ń là, ẹnu wọn ń pa dé. Àwọn aboyún wà nínú abọ́ ńlá, ẹyin ń jáde lára wọn. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ yẹn, ni wọ́n dà sórí iyẹ̀pẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tí yóò rà wọ́n. Ààlè dúró ṣánṣán létí ibú, koko rẹ̀ kò tú. Ràlíátù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ nà, orin tí wọ́n sì ń kọ nìyí: “Ràlíátù ẹlẹ́ja, ọwọ́ rẹ ò ní gbẹ.” Ràlíátù lásán. Kò sí Àwẹ̀ró níbẹ̀.

Mo sún mọ́ ọn, mo pe orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò mọni kò lè mọ ibi tí yóò ti gún ni. Ohùn tó jáde, bí ti ọmọdé ló rí. “Ràlíátù, èmi rèé. Ṣé o rí mi? Èmi ni.”

“Mo rí ọ.”

“Irúgbìn ni wọ́n! Ti gbogbo wa ni! Ó wá di ẹja ọkọ̀ akẹ́rù? Àná ni o fi òrí pa mí lẹ́sẹ̀!”

“Ẹsẹ̀ ń dùn ọ́.”

“Ta ló ní kí o ṣe é?”

“Ẹni tó so ó ló ni í. Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ, Àwẹ̀ró. Mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.”

Mo gbé ọ̀kọ̀ sókè. Tòótọ́ ni, n kò ní parọ́ fún yín: mo gbé e sókè, n kò sì mọ ibi tí ì bá balẹ̀. Àfi bí ìró ọlọ ṣe dákẹ́. Ìró tó ti ń lọ gèrè, gèrè lábẹ́ gbogbo nǹkan láti ọjọ́ kìíní, tí etí wa kò tilẹ̀ gbọ́ ọ mọ́, ó dákẹ́ wẹ́lo. Ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Àwọn obìnrin Ebúté Òkè ju igbá, wọ́n ju garawa, wọ́n ta kọ́sọ́kọ́sọ́ nínú ẹrẹ̀ sá lọ, ìró mọ́tò wọn ni a gbọ́ kẹ́yìn. Ọwọ́ tútù kan jáde láti inú ibú, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Èkejì di ti Ràlíátù. A ń rì. Ẹrẹ̀ dé orúnkún, ó dé itan. Ìdí ńlá tó ti ń bà mí nínú jẹ́ láti òwúrọ̀ ayé mi, òun nìkan ló há sókè tí n kò fi rì bọrọ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ojú Ìyá Alọmi yọ láàárín wa, omi ń kán lára rẹ̀. Kò bínú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ìbínú. “Ọwọ́ ta ló so ààlè yìí?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ogójì ọdún ni wọ́n ti ń bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ta ló mú èyí? Ta ló hun èyí? Ta ló tu ọkọ̀ dé nínú ìjì? Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ẹnu mi mọ̀. Ó ti dé orí ahọ́n mi, “èmi,” ó ti fẹ́ bọ́. Ràlíátù ń wò mí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ohun tó ń retí gan-an nìyẹn, pé kí n tún sọ pé èmi ni, bí mo ṣe máa ń sọ.

Àsìkò yẹn ni apá kejì ọ̀rọ̀ ìyá náà padà wá sí orí mi, ketekete.

“Òun ni,” mo ní. “Ràlíátù ló so ó. Mo di igi mú ni.”

Ìyá Alọmi tú ọwọ́ mi sílẹ̀. “Nígbà náà, ìwọ kò jẹ gbèsè kankan, o kò sì ní nǹkan kan.” Ó yíjú sí Ràlíátù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tútù rẹ̀ nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, láti ìgbọ̀nwọ́ dé èékánná, jẹ́jẹ́, bí ẹni nu ẹnu ọmọ. Ẹrẹ̀ tú àwa méjèèjì sílẹ̀, ìyá náà sì padà sílé ìdáná. Ó gbẹ́ inú ẹrẹ̀ lábẹ́ ọlọ rẹ̀, ó fa àrọ̀ méjì jáde, akọ kan, abo kan, àwọn tó ti ri ara wọn mọ́lẹ̀ de òjò. Ó jù wọ́n sínú agbọ̀n mi. “Sáré,” ló wí. A sáré. Ìgbà tí a wo ẹ̀yìn, kò sí ọlọ níbẹ̀ mọ́, kò sí ìyá.

Nínú àmù omi mímu mi ni mo sin àrọ̀ méjì náà sí títí òjò fi dé. Oṣù méjì ni mo fi mu omi tó ń rùn, mo ń fi ẹnu ara mi sọ fún wọn pé kí wọ́n má kú. Dáàmù ti kún báyìí. Ẹ ti rí ẹja tó wà níbẹ̀: wọn kò ju ìka ọmọdé lọ, ẹ bá mi rọra máa ju àwọ̀n sí wọn. Àwọn Ebúté Òkè kò kọ orin ẹnikẹ́ni mọ́.

Ti Ràlíátù, ẹ̀yin náà ti rí i. Bí ó bá na ọwọ́ sómi, ẹja á fọ́n ká bí ìgbà tí wọ́n ju òkúta. Àwọ̀n tí ó bá hun, ihò rẹ̀ dọ́gba, koko rẹ̀ le, ẹja kò ní wọ̀ ọ́. Ó wá ń jókòó sábẹ́ àtíbàbà ebúté, ó ń ṣẹ́ ẹ̀pà. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń gba ẹ̀yìn àtíbàbà náà kọjá kí n má baà rí i. Mo ròyìn ìwà ọ̀dàlẹ̀ rẹ̀ fún ẹni tó gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Gbogbo wọn ló dá mi láre.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, eékún mi dá mi dúró níwájú rẹ̀ gan-an. Mo jókòó sórí àpótí kejì láì kí i. A jọ ń wo omi. Ọkọ̀ mi ń fì létí ebúté, kò sí ẹni tó dì í mú.

“Ọ̀tá kò lè ṣe ohun tí o ṣe fún mi,” mo ní. “O mọ̀ pé ẹja yẹn ni ayé mi. O dà mí, Ràlíátù.”

Ó ṣẹ́ ẹ̀pà kan, ó fẹ́ èépá rẹ̀ dànù. “Mo dà ọ́,” ló wí. “N kò jiyàn.” Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni ń wo aṣọ ẹlòmíràn. Ó wá yíjú sí mi.

“Ogójì ọdún ni wọ́n fi ń bi ọ́ pé ta ló ṣe é, Àwẹ̀ró. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí o máa dárúkọ mi, ṣé ọjọ́ yẹn ló yẹ kó jẹ́?”